Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÌDÁNWÒ ÒFIN OJÚ PÓPÓ: BÍ ẸNI TÍ Ó Ń KỌ́ ỌKỌ̀ NÍ Ọ̀TÀ ṢE LÈ YEGE

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí oòrùn tó yọ tán, títì Sàngó ti máa ń kún. Tírélà tí ó ru ẹrù láti àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà àti ti Àgbárá, bọ́ọ̀sì tí ó ń lọ sí Èkó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnu iṣẹ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó fẹ́ sọdá, gbogbo wọn ni ó jọ ń lo ọ̀nà kan náà. Ní Sàngó ni ọ̀nà Ìdíìrókò ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí ó sì gba ìlú Ọ̀tà kọjá lọ sí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí yóò bá wa ọkọ̀ ní irú ibi báyìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ bí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì nìkan. Ó gbọ́dọ̀ mọ òfin pẹ̀lú.

Nítorí èyí ni ìjọba ṣe fi ìdánwò síwájú ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní láísẹ́ǹsì. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Yóò kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, yóò sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ V.I.O., tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ wò, yóò dán an wò nípa òfin àti nípa ìwakọ̀. Bí ó bá yege ni yóò tó lọ ya àwòrán, tí yóò sì tẹ ìka fún ìwé náà lọ́dọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń bẹ̀rù ìdánwò òfin ju ti ìwakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn kan a máa fi òru ọjọ́ kan ṣoṣo ka gbogbo ìwé. Àwọn mìíràn a sì máa wá ẹni tí yóò bá wọn gbà á láìjókòó ṣe ìdánwò rárá. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Ohun méjì péré ni ó ń mú ènìyàn yege: èkíní ni pé kí ìdí òfin yé e; èkejì ni pé kí ó máa pa ìwé dé, kí ó sì máa bi ara rẹ̀ léèrè.

1. KÍ ÌDÍ ÒFIN YÉ NI

Kí ó tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni ìjọba yí i padà sí apá ọ̀tún, kí ó lè bá ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé ti Nàìjíríà mu, irú bí Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dàhómì nígbà náà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ohun tí èyí ṣe sí òfin oríta róbótó, tí wọ́n ń pè ní ráńdábáọ̀tù. Lónìí, ẹni tí ó fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. Ẹni tí ó há “òsì” sórí lásán lè gbàgbé rẹ̀ nígbà tí àyà rẹ̀ bá já nínú yàrá ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ kò ní í ṣìnà. Ọkọ̀ tí ó ti wà nínú oríta náà ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọjá, nítorí bí àwọn tí ó wà nínú kò bá rí ọ̀nà jáde, kò sí ẹni tí yóò rí ọ̀nà wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ sì ń gba apá ọ̀tún, láti ọwọ́ òsì ni àwọn tí ó wà nínú oríta yóò máa yọ sí ẹni tí ó ń bọ̀ wá wọlé.

Ìmọ̀ yìí wúlò dé òkè òkun. Bí ọmọ Ọ̀tà kan bá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ṣì ń gba apá òsì, ìdí kan náà ni yóò sọ fún un pé ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó máa wò. Bí ó bá fìdí kalẹ̀ sí ibẹ̀, oṣù 12 péré ni ó lè fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wa ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ó di dandan kí ó ṣe ìdánwò tiwọn. Ìbéèrè 50 ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹni tí kò bá sì gba 43 nínú rẹ̀ kò yege. Ẹni tí ó ti fi òye kẹ́kọ̀ọ́ ní Sàngó ti gbé ìdajì ẹrù náà kúrò nílẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

2. ÀMÌ OJÚ Ọ̀NÀ

Àmì ojú ọ̀nà pọ̀ níye, ṣùgbọ́n ìdílé wọn kò pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ ìdílé kí ó tó mọ ọmọ.

Àmì onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, jẹ́ ìkìlọ̀: ewu kan wà níwájú.
Àmì róbótó tí etí rẹ̀ pupa jẹ́ èèwọ̀: ohun kan wà tí awakọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe.
Àmì róbótó tí ó ní àwọ̀ búlúù jẹ́ àṣẹ: ohun kan wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe.
Àmì onígun mẹ́rin jẹ́ ìsọfúnni: ó ń tọ́ka sí ìlú, ilé ìwòsàn, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti irú wọn.

Àmì méjì dá yàtọ̀. Onígun mẹ́jọ tí ó pupa, tí wọ́n kọ STOP sí, ń pàṣẹ pé kí ọkọ̀ dúró pátápátá, ìbáà jẹ́ pé ọ̀nà ṣófo. Onígun mẹ́ta tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sílẹ̀ ń pàṣẹ pé kí awakọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí ó wà ní ọ̀nà ńlá. Wọ́n ṣe ìrísí àwọn méjèèjì ní àrà ọ̀tọ̀ kí awakọ̀ lè dá wọn mọ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹrẹ̀ bo ojú wọn.

Nígbà tí ìdílé bá ti yé e, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá wo àwòrán inú àmì. Ojú irin Èkó, tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba agbègbè yìí kọjá; ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Láti ara ibi tí ojú irin ti dábùú títì ni Àgbàdo Crossing ti gba orúkọ rẹ̀. Àmì méjì ni ó wà fún irú ibi bẹ́ẹ̀: èyí tí ó ní àwòrán ọgbà wí pé ibẹ̀ ní ìdènà tí wọ́n ń tì, èyí tí ó ní àwòrán ọkọ̀ ojú irin wí pé kò sí ìdènà rárá. Ẹni tí ó bá ṣi èkejì mú fún èkíní yóò máa retí kí ẹnìkan wá dá òun dúró, kò sì sí ẹni tí yóò dá a dúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni èyí nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹ̀mí gbogbo èrò ọkọ̀ ni lójú irin.

3. ERÉ ỌKỌ̀

Iye eré tí òfin gbà láyè máa ń dà rú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Kìlómítà ní wákàtí kan ni wọ́n fi ń kà á. Bí ó ti rí nìyí:

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́: 50 nínú ìlú, 80 ní títì tí ó jáde kúrò nínú ìlú, 100 ní ọ̀nà márosẹ̀.
Takisí àti bọ́ọ̀sì: 50, 80 àti 90.
Tírélà àti táńkà epo: 45, 50 àti 60.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kà á bí ẹni ń ka ilẹ̀kẹ̀. Kí ó wo ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wúwo tó ni ó ti ń ṣòro dá dúró tó. Nítorí náà ni ti tírélà fi kéré jù lọ. Bí ènìyàn bá sì ti pọ̀ tó lọ́nà ni eré gbọ́dọ̀ dín kù tó. Nítorí náà ni ti inú ìlú fi kéré ju ti márosẹ̀ lọ.

Ìṣirò kékeré kan yóò mú un yé ni sí i. Ọkọ̀ tí ó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 14 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Èyí tí ó ń sá 100 ń rìn tó mítà 28. Kí ojú tó rí ọmọ tí ó já sí títì, kí ẹsẹ̀ sì tó kan bíréèkì, ọkọ̀ náà ti rìn jìnnà. Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá sì ti kan bíréèkì, bí eré bá jẹ́ ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn kí ó tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

4. KÍ A PA ÌWÉ DÉ

Àwọn àgbà mọ̀ nípa ìkẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́tipẹ́. Odù Ifá jẹ́ 256, kò sì sí ọmọ awo tí ó kọ́ ọ ní òru ọjọ́ kan. Ọ̀gá yóò sọ díẹ̀, ọmọ awo yóò tún un sọ láti orí. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá yóò béèrè ti àná kí ó tó fi tuntun lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe àyẹ̀wò. Ó rí i pé ohun tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ a máa sá lọ kíákíá kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àti pé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn pín sí ọjọ́ púpọ̀ a máa dúró ju èyí tí ó kó jọ sí ọjọ́ kan lọ. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní yunifásítì kan ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà. Wọ́n ní kí àwọn kan pa á dé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ni ó rántí jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó pa ìwé dé ni ó borí.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ẹni tí ó ń ka ìwé òfin ní àkàtúnkà a máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé ojú òun ti mọ ojú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kò ní í sí níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í sí níwájú rẹ̀ lórí títì.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ gé páálí wẹ́wẹ́. Kí ó ya àmì kan sí ojú páálí kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Kí ó máa wo ojú, kí ó dáhùn sókè, kí ó tó yí ẹ̀yìn wò. Èyí tí ó bá gbà, kí ó gbé e sí ọ̀tọ̀. Èyí tí ó bá kùnà, kí ó dá a padà sí ìsàlẹ̀, kí ó tún bá a pàdé. Ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tí ó wà nílé lè di páálí náà mú, kí ó máa béèrè. Ẹni tí ó ń béèrè kò ní láti mọ ọkọ̀ wà.

5. ÈTÒ ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ

Ìdajì wákàtí ní alaalẹ́ tó fún ẹni tí ó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀, bí kò bá jẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀. Ìbéèrè ti àná ni kí ó máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní sí ìkẹrin: àmì ojú ọ̀nà, mẹ́wàá mẹ́wàá lóòjọ́, ní ìdílé ìdílé.
Ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà: ìlà tí wọ́n fà sí ojú títì, iná tí ó ń darí ọkọ̀, àti àmì tí ẹ̀ṣọ́ ń fi ọwọ́ ṣe. Kí ó rántí pé iná olómi ọsàn kò wí pé kí awakọ̀ sáré. Ó wí pé kí ó dúró, àfi bí ó bá ti súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí dídúró lójijì yóò fi léwu.
Ọjọ́ keje: kí ó dán ara rẹ̀ wò lórí gbogbo èyí tí ó ti kọ́.
Ọjọ́ kẹjọ àti ìkẹsàn-án: eré ọkọ̀, àti àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì.
Ọjọ́ kẹwàá: oríta, ráńdábáọ̀tù, àti bí ọkọ̀ ṣe ń ya ọkọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ya ọkọ̀ tí ó wà níwájú sílẹ̀.
Ọjọ́ kọkànlá: ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bíréèkì, iná, bẹ́líìtì ìjókòó àti táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹ́yìn ni ọdún. Èyí tí ó ní 2322 jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2022. Táyà tí ó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ kò yẹ ní lílò.
Ọjọ́ kejìlá: ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà ìpè Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, owó kì í sì í lọ lórí rẹ̀.
Ọjọ́ kẹtàlá: ìdánwò odindi, láìwo ìwé.
Ọjọ́ kẹrìnlá: kí ó wo àwọn tí ó kùnà nìkan, kí ó sì tètè sùn. Orí tí kò sùn kì í rántí.

Bọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lè di kíláàsì fún un. Láti Sàngó dé Àtàn, kí ó máa bi ara rẹ̀ pé: irú ìdílé àmì wo nìyẹn? Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ní oríta yìí? Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra: ohun tí ojú rí lójú títì kọ́ ni ìdáhùn. Awakọ̀ kan lè gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ wá. Òmíràn lè dúró sí àárín títì láti kó èrò, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a wí. Ìdánwò kò béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe. Ohun tí òfin wí ni ó ń béèrè.

6. ẸNI TÍ GẸ̀Ẹ́SÌ RẸ̀ KÒ PỌ̀

Àwọn kan mọ ọkọ̀ wà dáadáa, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ni ó ń dá wọn dúró. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má sọ ìrètí nù. Àwòrán ni ọ̀pọ̀ àmì, àwòrán kò sì ní èdè. Kí ó kọ́kọ́ kọ́ òfin ní Yorùbá títí yóò fi yé e. Lẹ́yìn náà, kí ó wá kọ́ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń padà wá nínú ìbéèrè, ní márùn-ún márùn-ún lóòjọ́. Kí ẹni tí ó mọ̀wé nínú ẹgbẹ́ máa ka ìwé náà sókè, kí àwọn yòókù sì máa ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè abínibí. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀; abéèrè kì í ṣìnà.

7. NÍ ỌJỌ́ ÌDÁNWÒ

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè dé, nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Sàngó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Yálà orí ìwé ni ìdánwò náà, tàbí orí kọ̀ǹpútà, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ó gbọ́ ìbéèrè tán kí ó tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ bí i “kò gbọdọ̀”, “àyàfi” àti “nígbà gbogbo” a máa yí ìtumọ̀ gbólóhùn padà. Bí ìdáhùn mẹ́rin bá wà, kí ó kọ́kọ́ yọ àwọn tí ó dájú pé kì í ṣe òun kúrò. Bí méjì bá kù tí ó sì rú u lójú, kí ó béèrè èwo nínú wọn ni yóò dá ẹ̀mí sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí ó dá ẹ̀mí sí ni òfin fara mọ́.

Bí ó bá sì kùnà, kí ó kọ àwọn ìbéèrè tí ó ta á lójú sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì padà sí ìdí páálí rẹ̀. Kíkùnà nínú yàrá ìdánwò kò pa ẹnikẹ́ni rí.

8. LÁÍSẸ́ǸSÌ TÍ ÈNÌYÀN FI OWÓ RÀ

Ẹnìkan lè wí pé kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, nígbà tí ẹni tí yóò bá òun gbà á láìṣe ìdánwò wà nítòsí. Kí ó rò ó dáadáa. Láísẹ́ǹsì jẹ́ ẹ̀rí pé ìmọ̀ wà. Kì í ṣe ìmọ̀ náà. Ẹni tí ó rà á yóò jókòó sí ìdí ọkọ̀ láìmọ ìdílé àmì tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn èrò ẹ̀yìn kò mọ̀. Ìyá tí ó fa ọmọ lọ́wọ́ láti sọdá kò mọ̀. Awakọ̀ tírélà tí ó ń bọ̀ níwájú kò mọ̀. Òun nìkan ni ó mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ìwé tí ó wà nínú àpò kì í dá tírélà dúró. Ìmọ̀ tí ó wà lórí, àti ẹsẹ̀ tí ó tètè kan bíréèkì, ni ó ń dá ọkọ̀ dúró.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ Ẹ̀KỌ́

Kí olùkàwé pa ìwé yìí dé, kí àwọn tí ó jókòó dáhùn láìwò ó. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó ṣí i láti mọ ẹni tí ó gbà á.

1. Ọwọ́ wo ni ẹni tí ó fẹ́ wọ ráńdábáọ̀tù ní Nàìjíríà yóò máa wò, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àmì róbótó tí etí rẹ̀ pupa àti èyí tí ó ní àwọ̀ búlúù?
3. Àmì ojú irin méjì ni ó wà. Èwo ni ó wí pé kò sí ìdènà?
4. Èéṣe tí eré tí òfin gbà fún tírélà fi kéré ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ?
5. Bí wọ́n bá kọ 1021 sí ara táyà, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ǹjẹ́ ó ṣì yẹ ní lílò lónìí?
6. Kí gbogbo ẹgbẹ́ jíròrò èyí: ibo ní agbègbè yìí ni àṣà awakọ̀ ti yàtọ̀ jù lọ sí òfin, kí sì ni ìpalára tí ó lè ti ibẹ̀ wá?